Bí Ọmọ Rẹ Bá Ń Sanra Jù, Nọ́ọ̀sì Ni Kí O Kọ́kọ́ Rí

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń pariwo níta, nítorí náà sún mọ́ mi dáadáa. Mo mọ̀ pé o ti rí i. Aṣọ iléèwé tí o rán fún ọmọ náà nígbà tí wọ́n wọlé ní oṣù kẹsàn-án ti fún un níkùn kí ọdún tó parí. Bó bá gun àtẹ̀gùn ilé yín, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fún un lórúkọ tí kò fẹ́ kí o gbọ́. Ọkàn rẹ ń sọ fún ọ pé ó yẹ kí o ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ta ni o máa bá sọ ọ́? Bí ìyá ọkọ rẹ bá gbọ́, á ní ṣé ebi ni o fẹ́ fi pa ọmọ òun. Bí o bá sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, á júwe tíì tó ń fa ikùn wọlé fún ọ.

Ìmọ̀ràn tèmi kò gùn. Mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ ọ, hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tí o gbé e lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tó wà lọ́wọ́. Àwa tí à ń gbé Ìjàpọ̀ Estate ní Àkúrẹ́, a sábà máa ń wa mọ́tò kọjá níwájú ibẹ̀ lọ sí ọsibítù aládàáni tàbí ọsibítù ńlá ti ìjọba, a sì ti gbà pé àwọn ọmọ ọwọ́ àti aboyún nìkan ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀ wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń sanra jù, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa rí ọmọ náà léraléra ni, tí yóò mọ ilé tó ti wá, tí yóò sì ní sùúrù. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nìyẹn.

Ilẹ̀ Yorùbá ni káàdì ìwọ̀n ọmọ ti gbéra

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àṣà òyìnbó ni kí a máa wọn ọmọ. Ní ọdún 1956, dókítà kan tó ń jẹ́ David Morley dé sí Wesley Guild Hospital ní Iléṣà. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n rí i pé kí àìsàn tó gbé ọmọ ṣánlẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ti máa ń sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ibẹ̀ ni káàdì ìdàgbàsókè ọmọ ti jáde: bébà kan tí wọ́n fa ìlà sí, tí nọ́ọ̀sì ń fi àmì sí lóṣooṣù, tí ìyá ọmọ sì ń gbé lọ sílé pamọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ọmọ tí wọ́n bá rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ le ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí dókítà. Káàdì yẹn ti rìn káàkiri àgbáyé láti ìgbà náà.

Nígbà yẹn, ọmọ tó ń rù ni wọ́n ń wá. Irú wọn ṣì wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n ìlà kan náà tó ń fi ọmọ tó ń rù hàn ló ń fi ọmọ tó ń sanra kọjá ìwọ̀n hàn. Ibi tí wàhálà tiwa wà ni pé bí ọmọ bá ti gba abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn, a ó ju káàdì náà sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà náà títí tí yóò fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ẹnikẹ́ni kì í wọ̀n ọ́n mọ́, àyàfi bó bá ṣàìsàn. Àárín ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni ọ̀rá ń wọlé sí ọmọ lára.

Ní Ìlú Ọba, láti ọdún iléèwé 2005 sí 2006 ni wọ́n ti ń wọn àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ ìjọba lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tí wọ́n bá wọlé ní ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, àti nígbà tí wọ́n bá wà ní ọdún mẹ́wàá sí mọ́kànlá. Ọ̀pọ̀ ìyá Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti gba lẹ́tà tó ń sọ èsì lẹ́yìn tí wọ́n wọn ọmọ wọn. Níbí, kò sí ẹni tí yóò kọ lẹ́tà sí ọ. Ìwọ ni kí o gbé ọmọ rẹ lọ.

Má sì rò pé ìwọ nìkan ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ní ọdún 2022, àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mọ́kàndínlógún tí ìwọ̀n wọn ti pọ̀ jù lé ní mílíọ̀nù 390 lágbàáyé, àwọn mílíọ̀nù 160 nínú wọn sì ti sanra dé ibi tí ó jẹ́ àìsàn. Ní 1990, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, bíi mẹ́jọ ni ìwọ̀n wọn pọ̀ jù. Ní 2022, wọ́n ti di ogún.

Ohun tí nọ́ọ̀sì yóò ṣe

Kí ẹ tó lọ, wá káàdì àtijọ́ náà jáde. Kọ gbogbo ohun tí ọmọ jẹ àti ohun tó mu fún ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀, má sì yọ bíṣíkíìtì tó jẹ nínú mọ́tò kúrò. Kọ orúkọ oògùn èyíkéyìí tó ń lò. Má lọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń gún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́, kí nọ́ọ̀sì lè ráyè tiyín.

Yóò ní kí ọmọ bọ́ bàtà, kí ó yọ fìlà tàbí gèlè, kí ó kó ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ kúrò. Yóò wọ̀n ọ́n, yóò sì wọn gíga rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ lára ògiri. Lẹ́yìn náà ni yóò pín ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò fún gíga rẹ̀ ní mítà lọ́nà méjì. Jẹ́ kí n fi ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣe àpẹẹrẹ: kílò 45 ni, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.35. Bí o bá pín 45 fún 1.35, tí o tún pín in fún 1.35 lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò fún ọ ní nǹkan bíi 24.7. Bí ìwọ tí o jẹ́ àgbàlagbà bá ní 24.7, kò sí ẹjọ́. Lára ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ti kọjá ìlà tí WHO fà fún ìsanrajù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí o má ṣe dá a ṣírò lórí fóònù rẹ pẹ̀lú ìlà àwọn àgbà. Ọjọ́ orí ọmọ ṣe pàtàkì, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin náà ṣe pàtàkì. Nọ́ọ̀sì ní ìlà tí WHO ṣe fún ọmọ ọdún márùn-ún sí mọ́kàndínlógún, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí kò bá sí lára ògiri wọn.

Yóò tún wo gíga yẹn fúnra rẹ̀. Ọmọ tó sanra nítorí oúnjẹ sábà máa ń ga fún ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ọmọ bá sanra ṣùgbọ́n tí kò ga mọ́, nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á fura pé nǹkan mìíràn wà nídìí rẹ̀, ó lè jẹ́ àìsàn inú ara, ó sì lè jẹ́ oògùn. Àbúrò mi, dáhùn ìbéèrè oògùn yìí ní òótọ́. Àwọn kan ń ra dexamethasone tàbí cyproheptadine ní kẹ́mísì kí ọmọ lè “yọ lára”. Àwọn oògùn yẹn kì í ṣe ohun tí a ń fún ọmọ láti fi wu èèyàn. Bí o bá ti fún un, sọ fún nọ́ọ̀sì, má sì dá a dúró lójijì láì jẹ́ pé wọ́n sọ bí o ṣe máa ṣe é.

Wo ọrùn ọmọ rẹ

Èyí ni mo fẹ́ kí o fi ọkàn sí jù. Ṣé o ti rí ọmọ tí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dúdú ju ara rẹ̀ lọ, tí ó nípọn díẹ̀, tí ó sì rí múlọ́múlọ́ bí o bá fọwọ́ kàn án? Ó lè wà lábẹ́ abíyá àti láàárín itan pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìyá rò pé ìdọ̀tí ni. Wọ́n á mú kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú, wọ́n á fi ha ọrùn ọmọ títí yóò fi bó, ọmọ á máa sunkún, wọ́n á ní ọ̀bùn ni. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Nínú ọmọ tó sanra jù, ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé ínsúlínì inú ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́, pé ọ̀nà àtọ̀gbẹ ti ń ṣí. Fi kàn-ìn-kàn-ìn náà sílẹ̀. Fi ọrùn náà han nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì yóò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọwọ́ ọmọ bá tóbi tí wọ́n sì fi aṣọ ìwọ̀n tó kéré wé apá rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru nígbà tí kò ru. Fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí bá ọwọ́ rẹ̀ mu?” Yóò béèrè bóyá ọmọ ń hanrun lóru, bóyá èémí rẹ̀ ń dúró díẹ̀ kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀, bóyá ó ń jí tọ̀ léraléra, bóyá orúnkún tàbí ìbàdí ń dùn ún. Kì í ṣe òfófó. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ń tọ́ka sí.

Bí nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀

Kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “O ti sanra jù”. Yóò kọ́kọ́ gba àyè: “Màámi, ṣé ẹ ó gbà kí a jọ sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe ń dàgbà?” Lẹ́yìn náà ni yóò yíjú sí ọmọ gan-an. “Nínú oúnjẹ màámi, èwo lo fẹ́ràn jù?” Ọmọ á ní dòdò. “Dòdò dùn o, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀?” Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọmọ tó wọlé pẹ̀lú orí ní ìtẹ̀bá ti ń sọ bí nǹkan ṣe ń lọ nílé, kò sì sí ẹni tó bú u.

Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè ohun tí ẹ̀yin fúnra yín rò pé ẹ lè yí padà kí ẹ tó tún padà wá. Ohun kan tàbí méjì ni. Yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì dá oṣù tí ẹ máa padà fún yín. Jọ̀ọ́, padà lọ. Àwọn onímọ̀ U.S. Preventive Services Task Force ní Amẹ́ríkà sọ ní 2024 pé fún ọmọ ọdún mẹ́fà sókè tí ìwọ̀n rẹ̀ ga gan-an, ìrànlọ́wọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni èyí tí ó gba ó kéré tán wákàtí 26 pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ìbẹ̀wò kan ṣoṣo kò lè ṣe é. Ta ni yóò ráyè wákàtí yẹn fún ọ láì ná ọ lówó gọbọi, bí kì í bá ṣe nọ́ọ̀sì àdúgbò?

Ohun mìíràn tí yóò mú ọkàn rẹ balẹ̀: ọ̀pọ̀ ọmọ tó ṣì ń ga, kò dìgbà tí wọ́n bá jò kí ara wọn tó dá. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró sójú kan bí ó ti ń ga, ìlà rẹ̀ yóò máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí o bá dé lóṣù tó ń bọ̀ tí kílò náà kò yí padà, má jẹ́ kí ojú rẹ fà ro. Àṣeyọrí nìyẹn.

Nínú ilé tìrẹ

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Má ṣe fún ọmọ kan ṣoṣo ní oúnjẹ ọ̀tọ̀ kí àwọn tó kù máa jẹ dòdò níwájú rẹ̀. Gbogbo ilé ni yóò jọ ṣe é, títí kan bàbá wọn.

*Fìríìjì ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.* Mú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, yí i sẹ́yìn, ka ohun tí wọ́n kọ. Bó bá jẹ́ gíráàmù 10 ṣúgà nínú mílílítà 100, a jẹ́ pé gíráàmù 50 wà nínú ìgò 50cl. Hóró ṣúgà onígun mẹ́rin kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 4, nítorí náà bíi hóró méjìlá ni ọmọ rẹ mu yẹn. WHO sì sọ pé kí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fúnni lọ. Fún ọmọ tó ń jẹ kálórì 1,500 lójúmọ́, èyí kò tó gíráàmù 38. Ìgò kan ti kọjá rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fi owó-orí ₦10 lé lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan nínú òfin ìṣúná 2021, ṣùgbọ́n ìwọ tí o ní kọ́kọ́rọ́ fìríìjì lágbára ju owó-orí lọ. Má kó páálí kan pamọ́ sílé mọ́. Jẹ́ kí ó di ti ọjọ́ òde. Júùsì inú páálí, kódà èyí tí wọ́n ní èso nìkan ni, WHO ka ṣúgà rẹ̀ mọ́ èyí kan náà. Omi ni kí wọ́n máa mu, kí ọmọ jẹ ọsàn náà fúnra rẹ̀.

*Ife tíì àárọ̀.* Kòkó ni ìpínlẹ̀ Oǹdó wa fi lórúkọ, gbogbo wa la sì mọ̀ pé kóró kòkó korò. Ohun tó wà nínú agolo tí à ń pò fún ọmọ, ṣúgà ti wà nínú rẹ̀. Bí a bá tún wá fi hóró ṣúgà mẹ́ta àti mílíìkì kún un, pẹ̀lú búrẹ́dì, àárọ̀ ti bà jẹ́. Fi ògì tàbí tíì tí kò dùn púpọ̀, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà tàbí ẹyin sísè rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀wà máa ń dúró síkùn, ọmọ kò ní máa wá ìpanu ní aago mẹ́wàá.

*Iyán.* Mi ò ní sọ fún ọmọ Àkúrẹ́ tàbí ọmọ Oǹdó pé kí ó lé iyán kúrò nílé. Jẹ́ kí ọmọ ní àwo tirẹ̀, kí ó má jókòó ti àwo bàbá rẹ̀. Bu ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ, ẹja àti ilá alásèpọ̀ dáadáa, kí òkèlè sì kéré ju ọbẹ̀ lọ. Fi ṣíbí wọn òróró àti epo, má máa dà á láti inú kéègì. Bó bá ní òun ṣì fẹ́, ní kí ó dúró díẹ̀, kí ó kọ́kọ́ mu omi. Ebi tòótọ́ kò ní sá lọ.

*Oúnjẹ kì í ṣe ẹ̀bùn, kì í sì í ṣe pàṣán.* Má ṣe fi Indomie bẹ ọmọ tó ń sunkún, má sì fi ebi jẹ ọmọ níyà. Bí ó bá ṣe dáadáa nílé ìwé, ra bọ́ọ̀lù fún un, tàbí kí ẹ jọ jáde.

*Ìyá àgbà.* Má bá wọn jà. Ìran wọn ti rí ọmọ tí àìjẹun-kánú pa, ìdí nìyẹn tí inú wọn fi máa ń dùn bí wọ́n bá rí ọmọ tó kún. Mú wọn dání lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì nígbà tó bá tún yá. Ohun tí wọn kò gbà lẹ́nu rẹ, wọ́n lè gbà á lẹ́nu ẹni tó wọ aṣọ funfun.

*Eré àti oorun.* WHO ní kí ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́tàdínlógún fi ara ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan lójúmọ́, débi tí yóò fi mí sókè sódò. Ní Ìjàpọ̀, mọ́tò ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ lọ, mọ́tò ló ń gbé wọn bọ̀, ẹ̀kọ́ àfikún á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà fóònù. Bá àwọn ìyá méjì tàbí mẹ́ta ní àdúgbò rẹ sọ̀rọ̀ kí ẹ máa ṣí géètì fún àwọn ọmọ nírọ̀lẹ́, kí àgbà kan máa wò wọ́n: tẹ́ń-tẹ́ń, súwé, okùn fífò, kẹ̀kẹ́, bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ gun Òkè Ìdànrè. Kò jìnnà sí wa, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì lé ní 600. Lóru, ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́tàlá nílò wákàtí mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, èyí tó jẹ́ mẹ́rìnlá sí mẹ́tàdínlógún nílò mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ọmọ tí kò sùn tó yóò máa jẹun jù lọ́jọ́ kejì. Gba fóònù kí ó tó wọ yàrá.

Bó bá ti bàlágà

Ti ọmọ ọdún mẹ́tàlá sókè gba ọgbọ́n. Jẹ́ kí nọ́ọ̀sì rí i ní òun nìkan fún ìgbà díẹ̀, kí o sì jáde láì bínú. Ohun tí kò lè sọ lójú rẹ wà: nǹkan oṣù rẹ̀ tí kì í wá déédéé, irun tó ń hù ní àgbọ̀n rẹ̀, ọyàn tó ń yọ láyà ọmọkùnrin, ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kìlọ̀ fún un nípa tíì àti oògùn tó ń múni jò tí wọ́n ń polówó lórí fóònù. Bí o bá rí i pé ó ń fi oúnjẹ sílẹ̀ lójú yín tí ó sì ń jẹ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, tàbí tí ó ń lọ pọ̀ ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, tètè sọ fún nọ́ọ̀sì. Kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má sì pè é ní òróbó, ìbáà jẹ́ nínú àwàdà. Ọmọ tí ojú bá ń tì nínú ara rẹ̀ kì í fẹ́ jáde ṣeré, oúnjẹ ló sì sábà máa fi ń tu ara rẹ̀ nínú.

Ìgbà tí ẹ ó lọ síwájú

Nọ́ọ̀sì yóò kọ ìwé fún yín lọ sí ọsibítù ńlá bí ìfúnpá bá ga lẹ́yìn tí wọ́n wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bí èémí bá ń dúró lóru, bí ọmọ kò bá ga mọ́, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń tẹ̀ tàbí tó ń tiro, tàbí bí ìbànújẹ́ bá ti gbà á lọ́kàn. Èyí tí kò yẹ kó di ọ̀la ni bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ ṣáá, tó ń tọ̀ léraléra, tó sì ń rù lójijì: wọ́n gbọ́dọ̀ wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọsibítù ẹ̀kọ́ wà ní Oǹdó, ó sì wà ní Àkúrẹ́, nítorí náà kò sí ìdí láti gbé ọmọ rìnrìn àjò jínjìn. Gba ìwé nọ́ọ̀sì dání, kí àwọn tó wà lọ́hùn-ún lè rí bí ìlà náà ṣe ń lọ láti ẹ̀yìn wá.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí o lọ, má dúró de ìsinmi iléèwé. Bí o bá dé ibẹ̀, sọ báyìí: “Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wọn ọmọ mi, ẹ bá mi wọn gíga rẹ̀, kí ẹ sì bá mi fi àmì sí i lórí ìlà ọjọ́ orí rẹ̀.” Bí wọ́n bá ní àwọn ọmọ ọwọ́ nìkan ni àwọn ń wọ̀n, rẹ́rìn-ín sí wọn, kí o sì béèrè ọ̀gá nọ́ọ̀sì. Ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ ni.